Ta Ló Sọ Pé Ìyá Nìkan Ló Ni Ìkòkò? Ìtàn Iṣẹ́ Ilé Nínú Ìpolówó Ọjà

 



Ẹni tó bá dé Ìkògòsì-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Arámọkọ, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí àrà Ọlọ́hun. Omi gbígbóná ń sun jáde láti inú ilẹ̀, omi tútù ń ṣàn bọ̀ láti ọ̀nà míìràn, àwọn méjèèjì sì ń pàdé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò níbẹ̀ ni pé ọkùnrin kan ló fẹ́ ìyàwó méjì. Ọ̀kan jẹ́ onínúfùfù, ìkejì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Ìjà wọn kò tán títí àwọn méjèèjì fi di omi, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù. Ọkọ wọn sì di òkè tó wà nítòsí.

Àwa Musulumi mọ̀ pé Ọlọ́hun ló ń mú omi jáde láti inú ilẹ̀ bí Ó bá ṣe fẹ́. Ìtàn lásán ni ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe pín ìwà fún ènìyàn: obìnrin kan burú, obìnrin kan dára, ọkùnrin wá di òkè, kò wí, kò fọ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ìtàn kékeré bẹ́ẹ̀ rọrùn láti sọ, ó rọrùn láti rántí, ó sì dára fún fífi pe àlejò wá. Omi Ìkògòsì náà pàápàá ti di ọjà. Wọ́n rọ ọ́ sínú ike, wọ́n sì tà á ní Nàìjíríà lábẹ́ orúkọ Gossy, èyí tí wọ́n gé lára orúkọ ìlú náà.

Ohun tí ìtàn omi méjì yìí ṣe fún ọkọ àti ìyàwó ni ìpolówó ọjà ń ṣe fún bàbá àti ìyá lójoojúmọ́. Ohun tí a fẹ́ jíròrò lé lórí lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

Àwòrán tí gbogbo wa mọ̀

Ẹ rántí àwọn ìpolówó tí ẹ ti rí lórí tẹlifíṣàn, lórí pátákó ẹ̀gbẹ́ títì tàbí lórí fóònù yín. Ìyá wà ní ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ju mágì sínú ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ọmọkùnrin sáré wọlé, ẹrẹ̀ ti ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ jẹ́. Ìyá kò bínú, ó kàn nawọ́ mú ọṣẹ. Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sídìí tábìlì, ó tọ́ oúnjẹ wò, ó mi orí pé ó dùn. Ọmọbìnrin dúró ti ìyá rẹ̀, ó ń wo bí òun náà yóò ṣe máa ṣe é lọ́la. Bí ó bá sì jẹ́ bàbá ni wọ́n fi sí ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ di ẹ̀fẹ̀: oúnjẹ á jóná, ìyẹ̀fun á bò ó lójú, àwọn ọmọ á máa fi í rẹ́rìn-ín, ìyá á wá sáré wọlé láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá nítorí pé ọmọ ọdún márùn-ún kò mọ̀ pé ọjà ni wọ́n ń tà fún òun. Ó rò pé ayé ni wọ́n ń fi han òun. Nígbà tó bá dàgbà tí ẹ ní kó fọ àwo, á ní iṣẹ́ obìnrin ni. Bí ẹ bá bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, á ní bí ayé ṣe rí nìyẹn. Àwọn àgbà kan á tún fi kún un pé àṣà Yorùbá ni. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀sìn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí mẹ́ta ni wọ́n mú wá yìí: ayé, àṣà àti ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò.

Kí ìpolówó tó wọ inú ilé

Ìpolówó ọjà kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ìyá wa ti ń kiri èkọ àti àkàrà, tí wọ́n ń fi ohùn dídùn pe oníbàárà láti ojúde dé ojúde. Ṣùgbọ́n ọjà ni ìpolówó wọn ń yìn. Èkọ gbóná, epo dára, iṣu kò jẹrà: ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Kò sí alákàrà tó ń dúró níwájú ilé ènìyàn kó máa sọ fún onílé pé bí kò bá ra àkàrà òun, kì í ṣe ìyá rere.

Nígbà tí ìpolówó bọ́ sórí ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ló kọ́kọ́ rí. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìpolówó jáde nílẹ̀ wa. Ìkéde ni ìpolówó ayé ìgbà náà: ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀, ẹrù dé, ẹni tó bá fẹ́ kó wá rà. Kò sí ìyá tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kò sí bàbá tó ń jóná lọ́wọ́.

Epo tiwa, ọṣẹ tiwọn

Ọṣẹ ló mú ìyípadà wá. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn obìnrin wa ti ń fún epo, tí wọ́n ń pa ekuro, tí wọ́n sì ń fi àdín àti eérú ṣe ọṣẹ dúdú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, owó sì wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1884, William Lever bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ Sunlight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí òwò ọṣẹ ṣe ń gbòòrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni epo pupa àti ekuro ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń wọ inú ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é.

Ní ọdún 1923, ilé-iṣẹ́ Lever Brothers fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1929, wọ́n fẹnu kò láti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe bọ́tà màgaríìnì ní ilẹ̀ Hóláńdì, wọ́n sì di Unilever. Ọdún náà ni UAC, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ńlá tó wà lábẹ́ wọn, bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1920 yẹn kan náà ni agboolé yìí dá ilé-iṣẹ́ apolówó ọjà kan sílẹ̀ ní Èkó, West African Publicity, èyí tó padà di Lintas. Ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Agboolé kan náà ló ń ra epo lọ́wọ́ wa, òun ló ń fi epo ṣe ọṣẹ, òun ló ń ta ọṣẹ náà padà fún wa, òun náà ló sì ń ya àwòrán tó ń sọ ẹni tó yẹ kó fi ọṣẹ fọṣọ.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì fi "àkọ́kọ́ ní Áfíríkà" ṣe orúkọ ara rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ní 1960, Omo wọ Nàìjíríà. Òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ọṣẹ ìyẹ̀fun fi di "ómò" lẹ́nu wa, ẹnikẹ́ni tí ì báà ṣe é. Bí orúkọ ọṣẹ ṣe wọ inú èdè wa, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ẹni tó mú ọṣẹ lọ́wọ́ ṣe wọ inú ọkàn wa.

Ẹni tó ń ta ọṣẹ kò jókòó pé òun fẹ́ ba ilé ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó ń wá ẹni tí yóò ra ọjà. Ó rí i pé ìyá ló sábà ń ná owó ọbẹ̀ àti owó ọṣẹ, ó sì kọjú sí ìyá. Ṣùgbọ́n kò dúró lórí pé ọṣẹ yìí ń hó dáadáa. Ó so funfun aṣọ ọmọ mọ́ ìfẹ́ ìyá, ó so adùn ọbẹ̀ mọ́ ayọ̀ ọkọ. Láti ìgbà náà, ìdọ̀tí ara aṣọ kì í ṣe ìdọ̀tí lásán mọ́, ó ti di ẹ̀sùn lọ́rùn obìnrin. Ìyá tí ẹ̀rù ẹ̀sùn bá sì ń bà yóò tún ra ọṣẹ míìràn.

Ìtàn mágì tilẹ̀ yani lẹ́nu ju ti ọṣẹ lọ. Ní àwọn ọdún 1880 ní ilẹ̀ Switzerland, ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọn kò sì ráyè se oúnjẹ tó ń ṣara lóore. Wọ́n bẹ Julius Maggi pé kó wá nǹkan ṣe sí i. Ó lọ ẹ̀wà àti irú rẹ̀ di ìyẹ̀fun ọbẹ̀ tí kì í pẹ́ jinná; ní 1908 ni mágì oníhóró jáde. Nígbà tí mágì wá dé ọ̀dọ̀ wa, kí ni ìpolówó rẹ̀ ń sọ? Obìnrin tó mọ mágì í lò ni obìnrin tó mọ ilé í tọ́jú. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí pé ìyá kò ráyè wọ ilé ìdáná ni wọ́n padà fi ń dè é mọ́ ilé ìdáná. Nígbà tí Indomie dé Nàìjíríà ní 1988, ìyá náà ni wọ́n tún fi ṣe ọ̀gá inú àwòrán.

Ta ló ń fọṣọ nílẹ̀ wa?

Ó kan àṣà. Àbí òótọ́ ni pé ohun tí ìpolówó ń fi hàn ni àwọn baba ńlá wa ń ṣe?

Ní ayé ìjọba òyìnbó, nígbà tí pátákó ń ya obìnrin sídìí ọṣẹ, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn alágbàfọ̀ ìgboro. Ọkùnrin ni kúkù tó ń se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó ìjọba. Ọkùnrin ni ìránṣẹ́ tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ àwo wọn. Nígbà tí owó oṣù wà nídìí rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé ọwọ́ ọkùnrin kò mọ ìkòkò í dì mú.

A kò sọ pé ọkùnrin ayé àtijọ́ ló ń se ọbẹ̀ nílé. Obìnrin ló sábà ń se é, ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n agboolé ni wọ́n ń gbé. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, orogún wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ti dàgbà wà níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń gbé ọmọ pọ̀n. Ìyá fúnra rẹ̀ ń lọ sọ́jà. Nítorí náà ni oúnjẹ rírà fi pọ̀ ní ìlú Yorùbá láti ìgbà pípẹ́: èkọ òwúrọ̀, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń rà á. Ìyá kan ṣoṣo tó dá wà ní ilé ìdáná, tó ń se gbogbo oúnjẹ, tó ń fọ gbogbo aṣọ, tí kò sì rẹ̀ ẹ́ rárá, inú ìpolówó la ti bá a pàdé.

Ẹ wo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì tiwa yìí, láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Ìjerò. Àgbẹ̀ tó bá sùn sí oko ló ń dáná fúnra rẹ̀, tó ń sun iṣu, tó ń bọ́ ẹran ìgbẹ́. Iyán tí wọ́n fi mọ Èkìtì ń kọ́? Ẹ wọ ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gún un, ẹ ó rí i pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló sábà máa ń di ọmọ odó mú. Obìnrin Èkìtì ń hun kíjìpá lórí òfì tó dúró ti ògiri, bí ọkùnrin Ìsẹ́yìn ṣe ń hun aṣọ òkè lórí òfì tirẹ̀. Obìnrin Ìsàn-Èkìtì kì í fi ìkòkò se ọbẹ̀ nìkan, òun ló ń mọ ìkòkò náà tó sì ń tà á. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ọkùnrin bá rí ejò tí obìnrin pa á, kí ejò má ṣáà ti lọ. Ìwà àwọn tó mọ̀ pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ló wà nínú òwe yẹn.

Láàrin àwa Musulumi Yorùbá náà, ẹ jẹ́ kí a rántí Alhaja Humuani Alága, oníṣòwò aṣọ ní Ìbàdàn. Ìyá ni, ìyàwó ni, ó sì jẹ́ olórí àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1958, òun àti àwọn obìnrin Musulumi mìíràn dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé ọ̀nà ń há fún ọmọbìnrin Musulumi tó fẹ́ kàwé. Ní 1964, ẹgbẹ́ náà dá ilé-ìwé gírámà fún àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀. Àsìkò tí tẹlifíṣàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwọn ìyá bí wọn yóò ṣe rẹ́rìn-ín sí ọṣẹ gan-an nìyẹn. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló wà. Ìpolówó ni kò yà wọ́n.

Nínú ilé Ànábì

Ó wá kan ẹ̀sìn. Kí ni ilé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi hàn wá?

Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀lé sàábé, Al-Aswad, bi ìyá wa Àíṣátù léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe bó bá wà nílé. Èsì tí ìyá wa fún un, gẹ́gẹ́ bí Bùkáárì ṣe gbà á wá, ni pé ó máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Bí àkókò ìrun bá tó, á jáde lọ kírun. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn, ìyá wa sọ pé ó máa ń gán aṣọ rẹ̀, ó sì máa ń tún bàtà rẹ̀ ṣe. Ẹ ronú sí i. Ẹni tí ọmọ ogun ń dúró de àṣẹ rẹ̀, tí ìmísí ń sọ̀ kalẹ̀ fún, kò ka iṣẹ́ ilé sí ohun tó lè bu iyì òun kù. Àíṣátù kò sì sọ ọ́ bí ẹni ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò sọ pé oúnjẹ jóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo Fátímọ̀, ọmọ Ànábì. Ọlọ ti bá ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ nítorí iṣẹ́ ilé. Ó gbọ́ pé wọ́n kó ẹrú wá fún bàbá rẹ̀, ó lọ láti tọrọ ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Kò bá a nílé, ó bá Àíṣátù sọ ọ́. Ní alẹ́, Ànábì wá sí ilé òun àti Álíyù, ó sì kọ́ àwọn méjèèjì pé bí wọ́n bá fẹ́ sùn, kí wọ́n ṣe àfọ̀mọ́ fún Ọlọ́hun ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kí wọ́n dúpẹ́ fún Un ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kí wọ́n sì gbé E tóbi ní ìgbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ní èyí lóore fún wọn ju ìránṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ wa mọ àṣìkìrì yìí, ṣùgbọ́n a kì í rántí ohun tó bí i. Nínú ìpolówó, kì í rẹ ìyá. Fátímọ̀, ọ̀gá àwọn obìnrin inú Ọgbà Ìdẹ̀ra, rẹ̀ ẹ́, ó sì sọ ọ́ jáde. Bàbá rẹ̀ kò bá a wí pé kí ló dé tí kò lè rẹ́rìn-ín, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ilé wọn.

Asmáù ọmọ Abú Bákírì náà sọ ìtàn tirẹ̀. Nígbà tó fẹ́ Zubair, ọkọ rẹ̀ kò ní ohun ìní ju ẹṣin àti ràkúnmí tó ń fi pọnmi. Asmáù ló ń bọ́ ẹṣin, òun ló ń pọnmi, òun ló ń lan àpò omi, òun ló ń po ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun kò mọ búrẹ́dì í yan dáadáa. Àwọn obìnrin Àńsáárì tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ló ń bá a yan án. Ó ń ru kóró dàbínù lórí láti oko bọ̀ wálé. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ fi ìránṣẹ́ ránṣẹ́ sí i láti máa tọ́jú ẹṣin, ó sì rí i bí ìgbà tí wọ́n tú òun sílẹ̀ ní oko ẹrú. Obìnrin tí kò mọ búrẹ́dì í yan yìí wà lára àwọn obìnrin tí ìtàn Isilaamu ń fi wọ́n yangàn.

Àlùkùránì náà kò ya bàbá sọ́tọ̀ kúrò nínú títọ́ ọmọ. Nínú Sūratul-Baqarah, Ọlọ́hun fi oúnjẹ àti aṣọ ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú sọ́rùn bàbá, Ó sì fi ọ̀rọ̀ gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ sí ìfohùnṣọ̀kan àti ìjíròrò àwọn méjèèjì. Nínú àdúà tí Ó kọ́ wa fún òbí nínú Sūratul-Isrā', àwọn méjèèjì la ń tọrọ àánú fún nítorí pé àwọn méjèèjì ló tọ́ wa ní kékeré.

Níbi tí àṣà ti di ẹ̀rí

Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti jíròrò lórí bóyá iṣẹ́ ilé jẹ́ dandan fún ìyàwó. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ Sháfíì àti Hámbálì sọ pé ọlọ, odó, sísè àti fífọ kò sí nínú ohun tí àdéhùn nikáà fi sọ́rùn obìnrin. Bó bá ṣe é, oore ló ṣe. Àwọn onímọ̀ Málíkì wo ipò obìnrin àti agbára ọkọ. Àwọn mìíràn bíi Abú Thawr, Ibn Taymiyyah àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Ibn al-Qayyim, tó kú ní 1350, sọ pé ó jẹ́ dandan níwọ̀n bí àṣà àwùjọ bá ṣe mọ̀ ọ́n. Ìtàn Fátímọ̀ àti Asmáù yìí gan-an wà lára ẹ̀rí wọn. Síbẹ̀, Ibn Taymiyyah ṣàlàyé pé kò rí bákan náà fún gbogbo obìnrin: ti ará oko yàtọ̀ sí ti ará ìlú, ti alágbára yàtọ̀ sí ti aláìlera.

Kì í ṣe iṣẹ́ àròkọ yìí láti dájọ́ láàrin àwọn onímọ̀ ńlá. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí ilé tirẹ̀, kó lọ bá aláfàá rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé àwọn tó sọ pé ó jẹ́ dandan gan-an, orí àṣà ni wọ́n gbé e kà. Bí àṣà bá sì ní ohùn tó báyìí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ó di dandan fún wa láti mọ èyí tó jẹ́ tiwa nínú rẹ̀ àti èyí tí wọ́n tà fún wa pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹni tó bá mú ìpolówó ọdún 1960, tó pè é ní àṣà àwọn baba ńlá, tó sì fi í dájọ́ lórí ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rí èké ló ń lò.

Àwọn tó ya á ti ń sá fún un

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí àkọ́kọ́, ìyẹn ayé, wá sọ̀rọ̀ ní ìkẹyìn. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ kan jáde láti gbógun ti àwòrán tó ń há ọkùnrin àti obìnrin mọ́ ojú kan nínú ìpolówó. UN Women wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, Unilever náà sì wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ Lever fúnra wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ti ń tọ́ ọmọ, òfin kan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2019 pé ìpolówó kò gbọ́dọ̀ ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n fi òfin yìí dá ìpolówó méjì dúró. Ọ̀kan jẹ́ ti wàràkàṣì Philadelphia: àwọn bàbá méjì gbájú mọ́ oúnjẹ títí wọ́n fi gbàgbé ọmọ sórí ẹ̀rọ tó ń gbé àwo oúnjẹ yí ká. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tó kọ̀wé fẹjọ́ sùn. Ìkejì jẹ́ ti ọkọ̀ Volkswagen: àwọn ọkùnrin ń ṣe ohun ńláńlá, obìnrin jókòó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú àkọ́kọ́, bàbá ni wọ́n fi àbùkù kàn. Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa nínú Sūratul-Hujurāt pé kí àwọn kan má fi àwọn kan ṣe yẹ̀yẹ́. Sísọ bàbá di ọ̀dẹ̀ lójú ọmọ rẹ̀ kì í ṣe eré.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí yìí. Ní 2015, àwọn tó ń ta ọṣẹ Ariel ní ilẹ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ìpolówó tó ń pe àwọn ọkùnrin kí wọ́n bá obìnrin pín iṣẹ́ aṣọ fífọ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ọṣẹ náà ni wọ́n ṣì ń tà. Ẹni tó kọ́ wa lánàá pé iṣẹ́ ìyá ni, tó ń kọ́ wa lónìí pé kí bàbá náà ṣe é, ibi tí owó bá wà ni ojú rẹ̀ wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Unilever kéde pé òun yóò dáwọ́ ṣíṣe Omo, Sunlight àti Lux dúró ní Nàìjíríà. Ọjà ń lọ, àwòrán rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn wa. Àwa tí a ní àpẹẹrẹ Ànábì lọ́wọ́ kò yẹ kí a máa dúró de oníṣòwò kó tó sọ fún wa bí ilé ṣe yẹ kó rí.

Kí la ó ṣe?

Ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ìpolówó bá ń lọ. Ẹ bi wọ́n: kí ni wọ́n ń tà? Ta ni wọ́n fi síbi iṣẹ́? Ta ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ọmọ tó bá ti lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, ọjà kò ní lè tọ́ ọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ kọ́ ọmọkùnrin bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ, kó tó lọ sí yunifásítì, kí ìyàwó rẹ̀ tó bímọ, kí àìsàn tó wọlé. Ẹ fún ọmọbìnrin ní àkókò láti kàwé àti láti ké Àlùkùránì bí ẹ ṣe ń fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kùnrin.

Ẹ̀yin bàbá, ìnáwó ilé ṣì wà lọ́rùn yín, iṣẹ́ ilé kò gbà á kúrò. Ṣùgbọ́n ní òru sààrì nínú oṣù Ramadan, ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ jí àti ẹni tó sùn kẹ́yìn nínú ilé yín. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀lé súnnà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, kò sí ìwé kankan tó sọ pé kò gbọdọ̀ rẹ̀ yín. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí Fátímọ̀ ṣe sọ ọ́. Ẹ má sì lé ọkọ tàbí ọmọkùnrin yín kúrò ní ilé ìdáná nígbà tó bá wá ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé ẹ kò fẹ́ kí aládùúgbò rí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí kí nikáà tó so. Ànábì sọ fún wa pé ẹni tó dára jù nínú wa ni ẹni tó dára jù sí àwọn ará ilé rẹ̀. Kò fi funfun aṣọ ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ àti ìfọkànbalẹ̀ sí ilé wa. Kí Ó kẹ́ àwọn ìyá wa tí iṣẹ́ ti bá ọwọ́ wọn jẹ́ nítorí wa, kí Ó kẹ́ àwọn bàbá wa tí wọ́n ṣe làálàá nítorí wa. Kí Ó ṣe àwọn ọmọ wa ní ìtutù ojú fún wa, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àmín. Wa billaahi tawfeeq.